Deok-im kọ ọba lẹ́ẹ̀mejì

“Ta ní í kọ ọba?”

Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí à ń wo eré Kòríà kan, tí a dé ibi tí Deok-im, ọmọ ààfin, ti sọ fún Yi San, ọba, pé òun kò ní í ṣe ìyàwó rẹ̀. Àǹtí mi ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.” Màmá ò gbà. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń sọ ìtàn ọmọbìnrin tí ọba gbẹ́sẹ̀ lé lọ́nà odò, tí ẹnikẹ́ni nílé bàbá rẹ̀ kò sì lè ní rárá. “Bí ọba bá ti gbẹ́sẹ̀ lé èèyàn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọmọ yìí ò mọ ibi tó wà ni.” Àǹtí mi ní ó mọ ibi tó wà dáadáa, ìdí tó fi kọ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n dá eré dúró sójú ibẹ̀. Àárín òru la tó tún tàn án.

Eré náà ni The Red Sleeve, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC ti Kòríà fi hàn láti oṣù kọkànlá ọdún 2021 títí di ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Apá 17 ni. Lee Jun-ho ló ṣe Yi San, ẹni tó wá di ọba Jeongjo. Lee Se-young ló ṣe Seong Deok-im, ọmọ ààfin tí ọba fẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nínú 100 ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ní Kòríà, kò tó 6 tó ń wò ó. Nígbà tó máa fi parí, ó ti lé ní 17. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀, lójú tèmi, ni ìbéèrè kan tí eré náà kò fẹ́ bá wa dáhùn: ṣé obìnrin yìí fẹ́ràn ọkùnrin yìí? Àwọn kan ní ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Àwọn kan ní kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, agbára ọba ló borí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìfẹ́ wà, àmọ́ ó fẹ́ràn ayé ara rẹ̀ jù ú lọ.

Mi ò fẹ́ fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èèyàn gidi ni àwọn méjèèjì, wọ́n gbé ayé, àkọsílẹ̀ sì wà nípa wọn.

Ọdún 1752 ni wọ́n bí Jeongjo. Ní 1762, bàbá-bàbá rẹ̀, ọba Yeongjo, ní kí wọ́n ti bàbá rẹ̀, àrẹ̀mọ Sado, mọ́ inú àpótí ìrẹsì. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kó tó kú. Ọmọdé tí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló wá jọba ní 1776, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 1800. Deok-im kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i, ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Bàbá rẹ̀ bá ìdílé Hong Bong-han ṣiṣẹ́, Hong Bong-han yìí ló sì bí ìyá Jeongjo. Ọdún tí Sado kú náà ni Deok-im wọ ààfin, abẹ́ ìyá Jeongjo, ìyẹn Hyegyeong tó di opó lọ́dún náà, ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ wá wò ó: ilé ọ̀fọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ti gbọ́n. Kì í ṣe pé ọba kàn rí ọmọge kan tó ń kọjá, tí ojú rẹ̀ wọlé.

Ẹni tó bá ti wo Yi San, eré apá 77 tí MBC náà fi hàn ní 2007 sí 2008, yóò ti pàdé obìnrin yìí rí láìmọ̀. Song-yeon ni wọ́n pè é níbẹ̀, ilé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ọba ni wọ́n sì fi í sí. Song-yeon kì í kọ̀. Ó ń dúró de ọba, ó ń sunkún nítorí rẹ̀, ọkàn àwa òǹwòran sì balẹ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo fẹ́ràn eré yẹn, mo wò ó tán. Àmọ́ ìgbà tí mo mọ ohun tí ọba fúnra rẹ̀ kọ nípa obìnrin náà ni mo tó mọ̀ pé Song-yeon kò jọ ọ́.

Nígbà tí Deok-im kú ní 1786, Jeongjo fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sin mọ́ ibojì rẹ̀. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ tí òun pè é kó wá bá òun, ó bú sẹ́kún. Deok-im ní ìyàwó ilé ọba kò tíì bímọ, òun kò sì jẹ́ gbójú lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi ikú búra pé òun kò ní í gbà. Ọba ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lọ́kàn, òun kò sì fipá mú un mọ́. Ọdún 15 kọjá. Wọ́n ti ṣa àwọn ìyàwó kékeré fún ọba láti ilé àwọn ọlọ́lá, ó tún wá pàṣẹ fún Deok-im, ó tún kọ̀. Ọba wá bínú sí ìránṣẹ́ Deok-im, ó fìyà jẹ ìránṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni Deok-im tó gbà.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sétí àǹtí mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ìránṣẹ́ rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n nà. Ẹni tó ń bá a pọnmi, tó ń bá a ká aṣọ, tí kò sí lára ọ̀rọ̀ náà rárá, òun ni ìyà jẹ.

Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè jíròrò nípa ohun tó wà lọ́kàn Deok-im kó fo gbólóhùn yẹn. Nínú eré, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ọba lé e kúrò láàfin, ìgbà tó yá wọ́n tún pàdé, ó sì gbà. Ìyẹn rọrùn fún òǹwòran láti gbé mì. Ti àkọsílẹ̀ kò rọrùn. Ohun tó sì tún wú mi lórí ni pé ọba kò fi pa mọ́. Inú ọ̀fọ̀ ló wà, ó ń sunkún obìnrin tó fẹ́ràn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà tí òun fi jẹ ìránṣẹ́ ló jẹ́ kó gbà. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyìn. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe jẹ́ onítìjú tó, tó mọ ipò ara rẹ̀, tí kò fi ojú kòkòrò wo ilé ọba. Ní ayé Joseon, ìyẹn ìjọba Kòríà àtijọ́ tí Jeongjo jẹ ọba rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ka ibẹ̀ kó rí ẹ̀ṣẹ̀ ọba.

Ibi tí àṣà ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí, àṣà yìí ló sì máa ń dààmú àwa tí a ń wo eré yìí láti òkèèrè.

Gungnyeo ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láàfin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń mú wọn wọlé, àwọn kan kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ọdún 15 tí ọmọ kan ti wà níbẹ̀, wọ́n á ṣe ayẹyẹ kan fún un tí wọ́n ń pè ní gwallye. Wọ́n á di irun rẹ̀ bíi ti abilékọ, wọ́n á wọ aṣọ ìyàwó fún un, àwọn ẹbí rẹ̀ á se oúnjẹ wá. Ìgbéyàwó ni, ọkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọba ni ọkọ rẹ̀, bí ọba ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú. Tó bá fi àìsàn kúrò láàfin, kò lè lọ́kọ. Òfin Joseon ní kí wọ́n na òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní 100 ẹgba. Tó bá sì bá ọkùnrin lò nígbà tó wà láàfin, orí àwọn méjèèjì ni wọ́n máa bẹ́. Eré náà kò fi èyí pa mọ́: Yeong-hui, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí Deok-im ní, irú ikú tó kú nìyẹn, ọba kò sì dá a sí.

Àkọlé eré náà ní èdè Kòríà ń sọ nípa etí ọwọ́ aṣọ tó pupa. Àmì àwọn ọmọ ààfin nìyẹn. Pupa tó wà létí ọwọ́ aṣọ wọn ń sọ fún gbogbo ọkùnrin pé ẹni yìí ti ní olówó.

Màmá mi gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n ní, “Ṣé ẹ rí i? Ti ọba náà ni tẹ́lẹ̀. Kí ló wá ń kọ̀?” Ìbéèrè gidi ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà ọba máa ń bi. Obìnrin tí kò lè lọ́kọ, tí kò lè jáde bó ṣe wù ú, kí ló ní tó ń ṣọ́? Ọba tó fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́? Bó bá gbà, á kúrò nípò ìránṣẹ́, á di ìyàwó kékeré ọba. Ipò àwọn òṣìṣẹ́ kì í kọjá sanggung, ìpele karùn-ún. Ti ìyàwó ọba bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹrin, ó sì lè dé bin, tí í ṣe ìpele kìíní. Deok-im dé ibẹ̀. Uibin ni orúkọ oyè tí wọ́n fún un.

Ohun tí mo fi dá màmá lóhùn ni pé kí wọ́n wo ohun tí Deok-im ń ṣe lójúmọ́. Ó níṣẹ́. Ó ń gba owó iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára níbi kíkọ̀wé, nínú eré ó máa ń ka ìtàn fún àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n á sì fún un lówó. Ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí, ó lè jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìyàwó ọba, gbogbo ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Yàrá tó dára ni wọ́n fún un, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí, tó ń retí ìgbà tí ọba máa ráyè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní láti tẹrí ba fún un. Ìran kan wà tí mo kàn ń wò ó tí ń wo ìta láti ojú ilẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ ààfin kò ní òmìnira, òótọ́ ni. Àmọ́ ìwọ̀nba tó ní, tirẹ̀ ni, ẹni tó ní ìwọ̀nba sì lè dì í mú ju ẹni tó ní púpọ̀ lọ.

Èdè tún wà níbẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán máa ń gbé jù sọnù. Nígbà tó ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́, Deok-im ń pe ara rẹ̀ ní soin níwájú ọba, bí ẹni pé ó ń sọ pé “èmi ẹni kékeré.” Nígbà tó di ìyàwó, ó di sincheop. Sin ni ọ̀rọ̀ tí ìjòyè fi ń pe ara rẹ̀ níwájú ọba, cheop sì ni ìyàwó kékeré. “Mo” lásán ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwa, níbi gbogbo. Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ ohun tó ń sọnù níbẹ̀, torí a mọ̀ pé láàárín “o” àti “ẹ” nìkan, ọ̀rọ̀ lè yí padà pátápátá. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ sincheop, ó ń sọ fún ọba pé òun ṣì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, kódà lórí ibùsùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdí tó sọ fún ọba, pé ìyàwó ilé kò tíì bímọ. Ìjà pọ̀ lórí èyí. Àwọn kan ní àwíjàre ni, pé ọmọ ààfin kò lè wo ojú ọba kó sọ pé “mi ò fẹ́ yín,” torí náà ó wá ọ̀rọ̀ tí ọba kò lè bínú sí. Àǹtí mi wà lára wọn. Èmi náà wà lára wọn fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ mo ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, Jeongjo kò tíì jọba. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ ni, lábẹ́ bàbá-bàbá tó pa bàbá rẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ń wá ẹ̀sùn tí wọ́n máa kà sí i lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ bá lóyún fún un ṣáájú ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún un lọ́nà ẹ̀tọ́, orí ta ni ọ̀rọ̀ máa dá lé? Orí ìyàwó náà ni, lẹ́yìn náà orí ọmọ òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin tí kò ju nǹkan bí ọdún 13 lọ ló rí gbogbo èyí. Ó lè jẹ́ pé ohun tó sọ gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀. Tí a bá ń sọ pé irọ́ ló pa torí pé ó wù wá kó jẹ́ obìnrin òde òní, a ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Olorì Hyoui, ìyàwó ilé náà, kò bímọ rí títí tó fi kú. Nítorí náà nígbà tí ọba tún pe Deok-im lẹ́yìn ọdún 15, ìdí yẹn ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ó tún kọ̀. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìdí náà kì í ṣe gbogbo ìdí. Ọba ti jọba báyìí, ó nílò ọmọ, gbogbo ààfin ń retí rẹ̀. Hong Guk-yeong tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba ti fi àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ìyàwó kékeré fún ọba ní 1778, ọmọbìnrin yẹn sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ìyàwó kékeré ṣe ń rí láàfin, Deok-im ti fojú rí i. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá bímọ ọba, òun àti ọmọ náà ti di nǹkan tí ẹgbẹ́ méjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ó bí ọmọkùnrin ní 1782. Wọ́n fi ọmọ náà joyè àrẹ̀mọ, Munhyo. Ó bí ọmọbìnrin ní 1784, oṣù díẹ̀ ni ìyẹn lò láyé. Ní 1786, èéyi mú Munhyo, ó sì pa á. Oyún mìíràn wà nínú Deok-im nígbà náà. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí òun náà fi kú tòun toyún, oyún náà sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí mo ka ìyẹn fún màmá mi, wọ́n káwọ́ lérí. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọba mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi ikú rẹ̀ nínú eré ni àríyànjiyàn ti le jù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè wá, kì í ṣe ọba. Nígbà tí ọba dé, Deok-im bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá tún ayé wá, tó bá rí òun, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ òun rí, kó kọjá lọ. Ọba bi í bóyá kò fẹ́ràn òun rí rárá, kódà díẹ̀. Ó dáhùn pé tí kò bá wu òun ní tòótọ́, òun ì bá ti wá ọ̀nà kan ṣáá láti sá lọ. Pé dídúró tí òun dúró tì í, òun ló yàn án.

Àwọn tó ní ó fẹ́ràn rẹ̀ di gbólóhùn yìí mú. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ibi tí mo ti yapa sí wọn ni pé wọ́n máa ń gbàgbé pé gbólóhùn ti ayé àtúnwá náà wà, ẹnu kan náà ni méjèèjì ti jáde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ tún ayé yẹn gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́, ó ń gé obìnrin náà kù ni. Ẹ má sì gbàgbé pé òǹkọ̀wé eré ló fi gbólóhùn yíyàn yẹn sí i lẹ́nu. Inú mi dùn pé wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn, torí àkọsílẹ̀ kò fún un: ohun tó wà níbẹ̀ ni ìránṣẹ́ tí wọ́n fìyà jẹ.

Àǹtí mi bi mí bóyá mo ń sọ pé ọba kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Rárá o. Ọba sin ín sítòsí ọmọ wọn, níbi tí wọ́n ń pè ní Hyochangwon, ó sì máa ń lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ dá mi lójú ju ti obìnrin náà lọ, torí òun ló ni gègé. Ilẹ̀ yẹn ti di ọgbà ìgbafẹ́ báyìí láàárín Seoul. Àwọn ará Japan tó ń ṣàkóso Kòríà nígbà náà ló hú àwọn ibojì náà kúrò, wọ́n kó wọn lọ sí Seosamneung ní Goyang, ibi tí wọ́n sì tún ìyá sin sí níbẹ̀ jìnnà sí ti ọmọ.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tó ti ọwọ́ Deok-im fúnra rẹ̀ wá. Ní 1773, àwọn ọmọbìnrin Hyegyeong méjèèjì, Cheongyeon àti Cheongseon, jọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ààfin, wọ́n fọwọ́ da ìtàn gígùn kan kọ, apá mẹ́wàá. Gwak Jang Yang Mun Rok ni orúkọ ìwé náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sára ibi tí oníkálùkù kọ. Yeong-hui wà níbẹ̀, Gyeong-hui wà níbẹ̀, Bok-yeon wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni eré ti mú orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà. Deok-im náà wà níbẹ̀. Ó ti kọ ọba lẹ́ẹ̀kan nígbà yẹn, ó ṣì ku ọdún mélòó kan kí ọba tún pè é, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jókòó, wọ́n ń da ìtàn kọ.